Ìlà Pupa Inú Ìwé Ìfọwọ́sí

Ẹni tó bá kírun Àsùbá tán ní Soje, ní ìlú Minna, tó sì dúró díẹ̀ sí ẹ̀bá títì tó lọ sí Kpakungu, yóò rí i bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń jáde nílé. Olùkọ́ ni àwọn kan, nọ́ọ̀sì ni àwọn mìíràn. Àwọn kan ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀. Àwọn kan ń wá ọkọ̀ tí yóò gba ọ̀nà Bida gbé wọn lọ sí Gidan Kwano, níbi tí ọgbà ńlá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ wà. Gbagyi wà nínú wọn, Nupe wà, Hausa wà, àwa Yorùbá náà kò sì gbẹ́yìn. Ẹ wo ojú wọn bí wọ́n ti ń kọjá. Ẹnì kan ń yára bí ẹni tí nǹkan rere ń dúró dè níbi tó ń lọ. Ẹnì kejì ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí kóòtù. Ó sì lè jẹ́ pé ibi iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ, lábẹ́ ọ̀gá kan náà, fún owó oṣù kan náà.

Ìbéèrè tó ń da ọ̀pọ̀ ọ̀gá láàmú nìyí: kí ló ń mú kí òṣìṣẹ́ ṣe iṣẹ́ bí iṣẹ́? Àwọn kan gbà pé bí owó bá ti tó, iṣẹ́ yóò yanjú. Àwọn mìíràn gbà pé ọmọ adáríhurun kò ní ṣe nǹkan kan àfi tí pàṣán bá wà lókè. Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sí ọ́fíìsì. Ẹni tí wọ́n fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀ níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, ilé ni yóò gbé ìbínú rẹ̀ bọ̀ lálẹ́, ìyàwó àti ọmọ ni yóò sì bá a pín nínú rẹ̀.

Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Ìwé ńlá kan máa ń wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti ń fọwọ́ síwèé láràárọ̀. Bí agogo mẹ́jọ bá ti lù, ọ̀gá yóò mú báírò pupa, yóò fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sí abẹ́ ìlà ti pẹ́ dé nìyẹn. Bí ó bá sì di ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù kan, kúẹ́rì ń bọ̀. Kò tó oṣù méjì tí gbogbo orúkọ fi gun òkè ìlà. Ìwé náà dùn ún wò, ọ̀gá a sì máa fi han àlejò.

Ṣùgbọ́n bí agogo mẹ́wàá bá lù, ẹ wọ yàrá iṣẹ́ wa wá. Kóòtù ni ẹ óò bá lẹ́yìn àga, ẹ kò ní bá ẹni tó ni ín. Ẹnì kan ti lọ jókòó ní ìsọ̀ ìyàwó rẹ̀, ẹnì kan tilẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ NAPEP tí ó ń wà kiri ìgboro títí di ìrọ̀lẹ́. Opó tó wá béèrè owó ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ yóò jókòó títí. Wọn a ní, “Ẹ ní sùúrù, màmá, ó wà nítòsí, kóòtù rẹ̀ rèé.” Ọkùnrin kan wà láàárín wa tí kì í kúrò lábẹ́ ìlà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò lè fẹsẹ̀ rìn, òun ni ó sì ń gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó wá. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn agogo mẹ́jọ ni í wọlé. Síbẹ̀, fáìlì kì í sùn lórí tábìlì rẹ̀. Àwọn opó ti mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń lọ tààrà. Kúẹ́rì mẹ́ta ni ó gbà lọ́dún kan. Àwọn oníkóòtù kò gba ẹyọ kan.

N kò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn ìpẹ́dé o. Bí gbogbo wa bá ń pẹ́ dé, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún àwọn opó náà? Ohun tí mo ń wí ni pé ìlà pupa ń wọn ohun tó rọrùn láti wọ̀n, ó sì fi èyí tó ṣòro sílẹ̀.

Àwọn tó dàgbà nínú wa kò ní gbàgbé ọdún 1984. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹta ọdún náà ni ìjọba ológun Muhammadu Buhari gbé ètò tí gbogbo ayé mọ̀ sí WAI kalẹ̀, ogun tí wọ́n ní àwọn ń bá ìwà àìlétò jà. Túndé Ìdíàgbọn, ọmọ Ìlọrin, ẹni tí ẹ̀rín kì í yà lójú rẹ̀ ní gbangba, ló ṣáájú ètò náà. Títò sórí ìlà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó kan ìwà níbi iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé lè bá sójà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kí wọ́n sì ní kí ó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, agbádá ọrùn rẹ̀ kò ní kí wọ́n má ṣe é.

Ká sọ òótọ́, ó ṣiṣẹ́. Èrò tò ní ibùdókọ̀, òṣìṣẹ́ tètè dé ọ́fíìsì. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tó ń ṣàárò ìgbà náà títí di òní, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ni ìjọba ń dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dúró, tí ọjà ń gbówó lórí, tí owó oṣù sì dúró sójú kan. Ẹni tó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ láàárọ̀ kò mọ̀ bóyá lẹ́tà ìdádúró ń dúró dè é lọ́sàn-án. Nígbà tí Ibrahim Babangida, tí ilé rẹ̀ wà ní Minna níhìn-ín, gbàjọba ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1985, ẹ̀rù bá àwọn tó ń dẹ́rù bani lọ, kò sì pẹ́ tí ìlà fi túká ní ibùdókọ̀.

Ohun kan tún ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú èyí. Ní 1975, ìjọba Murtala Muhammed lé òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Àwọn kan tọ́ sí i, àwọn kan kò ṣẹ̀. Kí ìgbà yẹn tó dé, ẹni tó wọ iṣẹ́ ìjọba gbà pé bí òun kò bá ti jalè, òun yóò dàgbà síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ́ láti máa ronú nípa ọjọ́ tí wọn yóò lé e. Ẹni tó ń ronú báyẹn, ojú rẹ̀ kì í sí lára fáìlì. Ibi tí yóò ti rí owó kọ́lé kí ilẹ̀ tó ṣú ni ojú rẹ̀ wà. Báyìí ni ìbáwí tí wọ́n fi ń lé àwọn aṣebi ṣe kọ́ àwọn ẹni rere ní ibi.

Bí ẹ bá wá rò pé owó nìkan ló kù, ẹ rántí Údójì. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí jábọ̀ ní 1974, ó sì dábàá pé kí owó oṣù gòkè gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975 ni wọ́n san án, pẹ̀lú àjẹsílẹ̀ oṣù bíi mélòó kan. Ọ̀kadà tuntun, rédíò tuntun, agbádá tuntun kún ìgboro; títí di òní, ẹni tó bá rí owó òjijì gbà, àwọn àgbà yóò bi í bóyá ó gba Údójì. Àwọn ọlọ́jà náà gbọ́, wọ́n sì fi kún owó ọjà. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni gbọ́, wọ́n ní àwọn náà yóò gba tiwọn, ìyanṣẹ́lódì sì gba ìlú. Ohun tó dun Udoji fúnra rẹ̀ ni pé owó kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀. Bí iṣẹ́ ìjọba yóò ṣe ní àfojúsùn, bí a óò ṣe máa fi àbájáde iṣẹ́ díwọ̀n òṣìṣẹ́, bí ẹni tó mọṣẹ́ yóò ṣe ga ju ẹni tó kàn pẹ́ níbẹ̀ lọ, ìwọ̀nyí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìjọba mú owó, ó fi ìyókù sílẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀.

Àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ òkèèrè. Ní 1985, Iaffaldano àti Muchinsky kó àwọn ìwádìí tó ti wà nílẹ̀ jọ láti mọ bí ìtẹ́lọ́rùn àti iṣẹ́ tó yanjú ṣe ń rìn pọ̀. Bí méjèèjì bá ń rìn pọ̀ láìyà, iye rẹ̀ yóò jẹ́ 1. Bí wọn kò bá mọ ara wọn rí, yóò jẹ́ òdo. Nǹkan bí 0.17 ni wọ́n rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ní ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2001, Timothy Judge àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣe pẹ̀lú àkójọ 312, tó kan ènìyàn 54,417, iye náà sì di 0.30. Ó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n orí, irú èyí tí ọ̀gá kò lè dúró tì. Ó bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ń gbẹ́ kòtò, ẹ lè fi ojú wọn kòtò rẹ̀; ta ni yóò fi ojú wọn ohun tí olùkọ́ fi sí ọmọ lórí? Ẹ jẹ́ kí n tún fi kún un pé àwọn kan rí i pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ tó yanjú ló ń bí ìtẹ́lọ́rùn. Alágbẹ̀dẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ọkọ́ tó dára ló ń mú inú rẹ̀ dùn, kì í ṣe pé inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn kí ó tó rọ ọ́.

Frederick Herzberg, tí ó bá àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣirò owó sọ̀rọ̀ ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1959, sọ ohun kan tí mo fẹ́ràn. Ó ní owó oṣù, ọ̀gá tó le àti ibi iṣẹ́ tó rí jákujàku lè ba inú òṣìṣẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n títún wọn ṣe kì í fi dandan mú un nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́. Ohun tó ń ṣe ìyẹn ni iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àṣeyọrí inú rẹ̀, àti kí ẹnì kan rí i pé o ṣe é. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ dé ààyè kan. Ẹni tó ń gba owó oṣù rẹ̀ déédéé lọ́jọ́ 25 ni ó lè sọ pé owó kì í ṣe nǹkan. Nílé àwọn tí owó wọn kò wọlé fún oṣù mẹ́ta, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ibi tí mo ti rí ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀ jù ni rélùwéè, ìlú Minna gan-an sì ni ojú irin sọ di ńlá. Níhìn-ín ni ọ̀nà ojú irin tó ti Baro wá àti èyí tó ti Èkó wá ti pàdé, nígbà tó sì di 1912, ọkọ̀ lè ti Èkó dé Kano. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ìlú yìí, iṣẹ́ rélùwéè tàbí òwò tó tẹ̀lé e ló gbé wọn dé. Iṣẹ́ ni tí kò gba eré. Ojú irin kan ṣoṣo ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń lò. Bí ẹni tó wà ní ìdí àmì bá gbàgbé ohun kan, òkú yóò sùn. Nítorí náà, kò sí ẹni tó nílò sójà kí ó tó mọ ìdí tí aago fi ṣe pàtàkì. Òfin tí òṣìṣẹ́ bá rí ìdí rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ni rélùwéè fi aago kan náà ṣe ohun mìíràn. Ní 1931, wọ́n sọ owó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ di ti wákàtí. Òṣìṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́wàá wá di ẹni tí wọ́n ń ka wákàtí fún bí alágbàṣe àná. Ìbínú yìí wà lára ohun tó bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ní 1941, Michael Imoudu, ọmọ Ora, kó wọn lẹ́yìn lọ sí ilé gómìnà l'Ékòó. Nígbà tó di 1943, ìjọba mú un, wọ́n sì fi í sí àhámọ́ ní Auchi. Ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó òṣìṣẹ́ kò sì gbé pẹ́ẹ́lí láti 1942. Imoudu padà sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 1945. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù náà, àwọn òṣìṣẹ́ gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n ń béèrè pé kí owó òòjọ́ tó kéré jù di ṣílè méjì àtààbọ̀, kí wọ́n sì fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ ọ̀wọ́n ọjà.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógójì ni àwọn tó pẹ́ jù fi dúró láìgba kọ́bọ̀. Ẹ rò ó wò: àwọn ènìyàn tí ọ̀gá wọn ń sọ pé wọn kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n kó ara wọn níjàánu fún oṣù kan àtààbọ̀, tí ebi ń pa ọmọ wọn, láìsí kúẹ́rì, láìsí ìlà pupa. Lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ tí Tudor Davies darí wò ó, ó sì dábàá ìdajì tí wọ́n béèrè fún. Imoudu pẹ́ láyé. 2005 ni ó kú, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó ṣojú rẹ̀ nígbà tí rélùwéè tó jà fún di ahoro, tí koríko hù láàárín ojú irin, tí owó oṣù àti ti ìfẹ̀yìntì sì ń pẹ́ kí ó tó dé. Ìgbà tó di oṣù kejìlá 2012 ni ọkọ̀ èrò láti Èkó sí Kano tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba Minna kọjá.

Ọmọ rélùwéè mìíràn wà tí ó gba ọ̀nà tirẹ̀. Simeon Adébọ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé níbẹ̀ ní 1933. Òun ló padà wá di olórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Ìwọ̀-Oòrùn, títí wọ́n fi rán an lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962. Kì í ṣe ẹni tó ń gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tí kò bá mọṣẹ́, ìbátan olóṣèlú kò ní gbé e ga lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kan náà tó ń béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ló gbé owó òòjọ́ tó kéré jù sí ṣílè márùn-ún ní 1954, ó sì ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955, iṣẹ́ tí kò ní àpẹẹrẹ ṣáájú já lé wọn léjìká, wọ́n sì gbé e. Àwọn àgbà wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìjọba yẹn ní ọwọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí àdúgbò wa. Ní 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́lódì láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá. Ní 2022, wọ́n tún ṣe é láti ọjọ́ 14 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ìjọba ní ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní jẹun, wọ́n sì dá owó oṣù dúró. Lójú òfin, ìbáwí ni. Ní ọ̀nà Gidan Kwano, àwọn tó ń ta oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ palẹ̀ ìkòkò mọ́, yàrá tí wọ́n fi ń yá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣófo. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn olùkọ́ padà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ìwé àṣẹ ìrìnnà kò padà mọ́. Oṣù kẹwàá 2023 ni Ààrẹ Tinubu pàṣẹ pé kí wọ́n san mẹ́rin nínú oṣù mẹ́jọ náà. N kò mọ ọ̀gá tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun níwájú kíláàsì yóò kọ́ ọmọ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní oṣù keje 2024, owó oṣù tó kéré jù ní orílẹ̀-èdè yìí kúrò ní ₦30,000 tó ti wà láti 2019, ó di ₦70,000. Àwọn tó ń ra ìrẹsì mọ bí ọjà ti ṣáájú rẹ̀ tó.

Ó rọrùn láti bá ìjọba wí. Àwa náà ńkọ́? Nínú wa ni a ti ní ẹni tó ní ọmọ ọ̀dọ̀, ẹni tó ní ìsọ̀ aránṣọ, ẹni tó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìtàn Ànábì Músà nígbà tó dé Madiyana: ọmọbìnrin yẹn sọ fún bàbá rẹ̀ pé agbára àti ìfọkàntán ló yẹ kí á wò lára ẹni tí a fẹ́ gbà síṣẹ́. Apá yìí ni àwọn ọ̀gá máa ń rántí. Bàbá náà sì sọ iye ọdún àti ohun tí Músà yóò gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní ni í lára. Apá yìí kì í tètè wá sí ìrántí.

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kan rí, nọ́sìrì àti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àwa Mùsùlùmí dá sílẹ̀. Ùstáàsì kan ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú àti ìṣirò, ó sì mọ̀ ọ́n kọ́. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé. A fún un ní kúẹ́rì, a sì pè é síwájú ìgbìmọ̀. Kò bá wa jiyàn. Ó mú ìwé kékeré kan jáde lápò, ó ní kí akọ̀wé bá òun kà á. Ọjọ́ tí a san owó oṣù ló kọ sí apá kan, ọjọ́ tó pẹ́ dé ló kọ sí apá kejì. Láti ọjọ́ tí owó ti dá, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá. Ó ní ó ń gba òun ní wákàtí kan àtààbọ̀.

Alága wo akápò. Akápò ní owó ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí jẹ ni kò jẹ́ kí owó wà, ó sì ṣí ìwé tirẹ̀ náà láti ka orúkọ àwọn ajigbèsè. Mẹ́rin nínú wọn wà nídìí tábìlì yẹn. Orúkọ tèmi ni ìkẹta.